Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to kọ̀ǹpútà, fáànù ń yí àmọ́ skíríìnì ò gbé nǹkan kan

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tanke ní Ìlọrin níbí ni mo wà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to kọ̀ǹpútà fúnra mi ni, CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 5 5600, bọ́ọ̀dù (motherboard) B450 tòkunbọ̀, RAM 8GB méjì, graphics card (èyí tó ń gbé àwòrán lọ sí monitor) RX 580, tí mo bá ti tẹ páwà gbogbo fáànù ló ń yí, àmọ́ monitor á kàn kọ No Signal á sì sùn padà. Ẹni tó ta bọ́ọ̀dù fún mi ní bọ́ọ̀dù òun ò níṣòro, graphics card ló kú, kí n lọ ra òmíì. Wállàhí owó ti tán lọ́wọ́ mi.

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì ra nǹkan kan o. Ẹni tí ò fojú rí kọ̀ǹpútà tó ti ń sọ ohun tó kú nínú ẹ̀, hmm. Pé fáànù ń yí ò ju pé iná dé ibẹ̀ lọ, fáànù ò mọ̀ bóyá CPU jí àbí kò jí, má jẹ́ kó tàn ẹ́. Lọ sẹ́yìn kéèsì kó o wo ibi tó o ki wáyà HDMI sí. Ibi méjì ló máa wà, ọ̀kan lókè níbi tí ihò USB àti ti íntánẹ́ẹ̀tì wà, ti bọ́ọ̀dù nìyẹn, ìkejì nísàlẹ̀, ti graphics card, ìsàlẹ̀ yẹn ni kó o ki í sí. 5600 tìẹ ò ní graphics nínú ara ẹ̀, 5600G ló ní, torí ẹ̀ tó bá jẹ́ òkè lo ki í sí, kò lè gbé nǹkan kan láéláé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Intel tó ní F lẹ́yìn, bíi 12400F, bọ́rọ̀ yín ṣe rí náà nìyẹn. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ń gbé wá bá mi, ibẹ̀ yẹn náà ló ń parí sí.

Tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, yọ ọ́, fi wáyà yẹn so dekódà mọ́ monitor yẹn, tí dekódà bá gbé, monitor àti wáyà ò jẹ̀bi. Kó o tún wo wáyà páwà tó lọ sára card, iná tí RX 580 ń rí gbà lára bọ́ọ̀dù ò tó o.

Ìbéèrè: Ìsàlẹ̀ náà ló wà ẹ̀gbọ́n, dekódà sì gbé. Àmọ́ mo rí iná pupa kékeré kan létí bọ́ọ̀dù, wọ́n kọ CPU sí i lára, kì í kú. Ṣé CPU ló ti lọ ni?

Ìdáhùn: Ó lè má ṣe é ní nǹkan kan. Iná mẹ́rin ló wà níbẹ̀, CPU, DRAM (RAM nìyẹn), VGA (graphics card), BOOT (dísíìkì), bọ́ọ̀dù á máa yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan bí mo ṣe tò wọ́n yẹn, èyí tó bá dúró tí ò kú, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. O rí i pé bọ́ọ̀dù ò tíì dé orí graphics card rárá ká tó sọ pé ó kú. Kọ́kọ́ wo wáyà páwà CPU lókè bọ́ọ̀dù lápá òsì, oníhò mẹ́jọ, ó máa ń sá pamọ́ sábẹ́ fáànù, kó o tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Tí ìyẹn bá wà níbẹ̀, BIOS ni èmi fura sí, ìyẹn ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń jí kọ̀ǹpútà. Ọdún 2018 ni B450 jáde, 2022 ni 5600 yìí tó dé, tẹ́ni tó lo bọ́ọ̀dù yẹn tẹ́lẹ̀ ò bá fi BIOS tuntun sí i, bí àlejò ló ṣe máa wo CPU ẹ. Wo ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù bóyá ó ní bọ́tìnì tí wọ́n kọ Flash BIOS sí. Tó bá ní, ọ̀rọ̀ ti rọrùn: wọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì àwọn tó ṣe bọ́ọ̀dù yẹn, wa BIOS tuntun tó jẹ́ ti orúkọ bọ́ọ̀dù ẹ gẹ́lẹ́ jáde, gbé e sórí fláàṣì tó o ti fọ́màtì sí FAT32, yí orúkọ fáìlì padà bí wọ́n ṣe ní kó o yí i, ki fláàṣì sí ihò USB tí wọ́n fàmì sí, tẹ bọ́tìnì yẹn, iná ẹ̀ á máa ṣẹ́jú, má fọwọ́ kàn án títí á fi dáwọ́ dúró. Tí ò bá ní bọ́tìnì, yá Ryzen àtijọ́ bíi 2600 lọ́wọ́ ẹni tó ní, fi tan bọ́ọ̀dù, ṣe BIOS, kó o dá a padà fún wọn.

Àmọ́ gbọ́ o, má fi iná NẸ́PÀ ṣe é. Tí iná bá já láàárín, bọ́ọ̀dù tó dáa lè bàjẹ́ pátápátá síbẹ̀. Inverter tàbí UPS, tàbí kó o tan jẹnẹrétọ̀, kó o sì wo epo inú ẹ̀ kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mò ń ṣe bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ọ̀fà, ọmọ kan ló bá mi to tèmi, ti DRAM ló ń tàn, ó ní kí n tún ra RAM míì.

Ìdáhùn: Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn ṣe sùúrù. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ páwà lẹ́ẹ̀kan kí iná tó kù nínú ẹ̀ jáde. Ẹ yọ gbogbo RAM, ẹ mú ẹyọ kan ṣoṣo, ẹ fi írésà àwọn ọmọ iléèwé ra eyín ẹ̀ tó dà bíi góòlù yẹn díẹ̀díẹ̀, ẹ nù ún, ẹ wá fi sí ihò kejì tẹ́ ẹ bá kà á láti ọ̀dọ̀ CPU. Ẹ tẹ̀ ẹ́ títí ẹ máa fi gbọ́ ìró "kọ́" lápá méjèèjì. Bọ́ọ̀dù míì, apá kan ṣoṣo ló ní nǹkan tó ń há a, apá tí ò ní in yẹn gan-an ló máa ń tan èèyàn, ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó látẹ̀gbẹ́ẹ́, ẹ máa rí i pé ó ṣì yọ orí díẹ̀. Tí ẹyọ kan bá gbé, ẹ pa á kẹ́ ẹ tó fi ìkejì sí ihò kẹrin.

Lásìkò ọyẹ́ yìí, ẹ má ṣe é lórí rọ́ọ̀gì o, ọwọ́ èèyàn máa ń ní iná nínú, ẹ fọwọ́ kan irin kéèsì ná kẹ́ ẹ tó mú RAM.

Ìbéèrè: Tèmi tuntun ni gbogbo ẹ̀, Ryzen 7600, DDR5, ó ti dúdú fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo ti pa á tán tan án àìmọye ìgbà.

Ìdáhùn: Ìpaná yẹn gan-an ni ò jẹ́ kó parí iṣẹ́. RAM DDR5 lórí bọ́ọ̀dù AM5, irú èyí tí 7600 ń lò, nígbà àkọ́kọ́ bọ́ọ̀dù máa ń dán RAM wò fúnra ẹ̀, ó lè pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lọ jẹun. 7600 ní graphics tiẹ̀, tó o bá ṣì ń fura sí card, yọ ọ́ kó o ki HDMI sí ti bọ́ọ̀dù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, power supply (àpótí tó ń fún kọ̀ǹpútà níná) tòkunbọ̀ tí mo rà, ó ní nǹkan pupa kan lẹ́yìn, 115 ló wà lórí ẹ̀, ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ó léwu gan-an! Má tíì ki í sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Fólítì iná Amẹ́ríkà nìyẹn, 230 ni tiwa, tó o bá tan án bẹ́ẹ̀ á bú gbàù. Fi screwdriver tì í sórí 230 ná.