Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Git níbi tí iná ti ń já lọ lójijì

Ẹ̀yin ará tẹ́ ẹ ń lo Git (ètò tó ń tọ́jú gbogbo àyípadà inú iṣẹ́ yín), ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ èyí sórí kọ̀ǹpútà yín lónìí:

git config --global core.fsync all

Àṣẹ yìí ló ń mú kí Git kọ iṣẹ́ yín sórí dísíìkì kó tó ní òun ti parí; Git 2.36 sókè ló mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò bá lò ó, tí ẹ sì ṣe commit (ìyẹn ni pé ẹ fi iṣẹ́ yín pamọ́ sínú Git), Git á ní òun ti parí, àmọ́ iṣẹ́ yín lè ṣì wà nínú mẹ́mórì, kó má tíì dé orí dísíìkì. Kí iná lọ báyìí, ẹ ó bá fáìlì náà níbẹ̀, òfìfo ni. Mo rí i lójú ara mi lọ́sẹ̀ tó kọjá: «object file is empty». Fáìlì mẹ́ta, 0 byte ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àyà mi já gan-an ni.

Commit á falẹ̀ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó tó bẹ́ẹ̀.

Tó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tíì pa ohunkóhun rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fódà .git lódindi. Ẹ wá ṣe git fsck --full (ó ń wá ohun tó bàjẹ́), kí ẹ yọ àwọn fáìlì òfìfo inú .git/objects, kí ẹ sì ṣe git fetch --refetch (ó ń tún gbogbo rẹ̀ gbà láti orí sáfà). Èyí tẹ́ ò bá tíì push (ìyẹn ni pé ẹ ò tíì fi í ránṣẹ́ sórí sáfà) kò ní sí níbẹ̀, nítorí náà, ẹ máa push kẹ́ ẹ tó dìde.