Bí mo ṣe kó lẹ́jà ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa sórí kọ̀ǹpútà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ ń pààrọ̀ 200, 500 àti 1,000 náírà tí owó bébà sì dàwátì, tíránsífà ni gbogbo ọjà Bódìjà n'Íbàdàn bá kù sí. Álààtì ń rọ́ wọlé sórí fóònù akápò wa, ṣùgbọ́n owó ta ni? Ọmọ ló ń bá ìyá rẹ̀ san án, orúkọ ọmọ ló ń jáde. Èmi akọ̀wé ni gbogbo ẹ̀ já lé léjìká.

Nọ́ńbà ni mo kọ́kọ́ fún oníkálukú, torí Ìyá Ìbejì nìkan, ó ju ẹyọ kan lọ nínú lẹ́jà. Mo ní kí wọ́n máa kọ nọ́ńbà náà síbi àlàyé tí wọ́n bá ń fowó ránṣẹ́. Mo wá ṣí Google Sheets, ìwé ìṣirò orí íńtánẹ́ẹ̀tì: ọjọ́, nọ́ńbà, iye owó, àti ohun tí owó wà fún, bóyá ìfipamọ́, ẹ̀yáwó tí wọ́n ń san padà, èlé tàbí owó ìtanràn. Àṣẹ ìṣirò kan nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ SUMIF ló ń bá mi ṣírò: ti nọ́ńbà tí mo bá sọ nìkan ló máa ń ròpọ̀.

Ibi tó le ni iye tí kálukú ti ní nílẹ̀. A pè wọ́n tàwọn ti káàdì tí a fi ń kọ owó wọn sílẹ̀. Níbi tí káàdì àti lẹ́jà kò bá ti bára mu, n kò tẹ̀ ẹ́ wọlé títí ẹni tó ni káàdì àti akápò yóò fi fọwọ́ sí iye kan. Kò sí kọ̀ǹpútà tó lè báni ṣe ìyẹn.

Alága wa béèrè pé, “Akọ̀wé, tí fóònù yín bá sọnù ńkọ́?” Mo ṣàlàyé fún bàbá pé kò sí lórí fóònù, síbẹ̀ mò ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé lóṣooṣù, kọ́kàn wọn lè balẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó ló yí padà jù. Ìlọ́po méjì owó tèèyàn fi pamọ́ la máa ń yá a, pẹ̀lú oníduùró méjì. Tẹ́lẹ̀, a ó ṣí lẹ́jà títí, a ó sì sún un sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ní báyìí, orí ìjókòó la ti ń dáhùn. Ìgbà tí mo to orúkọ àwọn oníduùró sójú kan ni mo tó rí i pé àwọn kan ti dúró fún èèyàn tó pọ̀ ju ohun tí owó wọn lè gbé lọ. Ó ti wà nínú lẹ́jà tipẹ́, ojú ewé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà. Ẹgbẹ́ ti fòfin dè é: èèyàn méjì péré lẹnì kan lè dúró fún.

Èrè ọdún kò tíì yàtọ̀ púpọ̀, n kò ní purọ́. Àwọn ìyá tí kì í fọwọ́ kan fóònù ṣì ń mú owó àti káàdì wọn wá, mo sì ń kọ ọ́ síbi méjèèjì.