Bí a ṣe ń kọ kìlómítà ọkọ̀ sílẹ̀ fún owó orí àti ìwé ọkọ̀ ní ilẹ̀ Olómìnira Benin

Ìwé kékeré kan àti bírò ni ẹ nílò, kí wọ́n má sì kúrò nínú ọkọ̀. Fóònù náà wúlò, àmọ́ bí ẹ bá gbé ọkọ̀ fún àbúrò tàbí dẹ́rẹ́bà, ìwé ló máa rí kọ.

Òǹkà méjì ló sábà máa ń wà níwájú awakọ̀. Ọ̀kan ń ka gbogbo ìrìn ọkọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Èkejì, ẹ lè tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo. Ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ máa kọ. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ Amẹ́ríkà tó gba èbúté Kútọnu wọlé, ẹ wò ó dáadáa, torí máìlì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kà. Máìlì kan jẹ́ kìlómítà 1.609: ọkọ̀ tó ka 100,000 ti rin nǹkan bíi kìlómítà 161,000.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, ẹ ya fọ́tò òǹkà, nọ́ńbà ṣásì àti carte grise (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀) kí ẹ tó wà á lọ. Kí iye tó wà lójú òǹkà wọnú ìwé àdéhùn tí ẹ̀yin àti ẹni tó tà á jọ fọwọ́ sí. Bí mẹkáníìkì bá pààrọ̀ òǹkà, ẹ kọ ọjọ́ náà, iye ti àtijọ́ àti ti tuntun, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín lọ́la á ní ẹ dá òǹkà padà sẹ́yìn ni.

Ní ti owó orí, iye nìkan kò tó, ìdí ìrìn ló ṣe kókó. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ kọ ọjọ́ àti iye. Bí ẹ bá dé, ẹ kọ iye tuntun, ibi tí ẹ lọ àti ohun tí ẹ lọ ṣe. “Àjàṣẹ́ sí Kétu, àgbàdo oníbàárà” yé ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò. “Mo jáde” kò sọ nǹkan kan. Ẹ má fi òde ìnáwó mọ́ iṣẹ́ o! Tara ẹni ni.

Lópin ọdún, ẹ ṣírò. Ká ní ọkọ̀ rin kìlómítà 12,000, tí 9,000 jẹ́ ti iṣẹ́: ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó epo àti àtúnṣe ni ẹ lè kà sí ti iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìnáwó kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní facture normalisée, ìyẹn rìsíìtì tí iléeṣẹ́ owó orí fọwọ́ sí. Kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, kò ní ìwé, owó tí ẹ fi rà á kò ní ẹ̀rí.

Àwọn tó ń san owó orí lórí èrè ni ìṣirò yìí wà fún. Orí ọjà tí a tà ni wọ́n ti ń ṣírò TPS (owó orí àwọn oníṣòwò kékeré), kìlómítà kò lè dín in kù. TVM (owó orí ọkọ̀ fúnra rẹ̀) náà kò sì wo òǹkà. Síbẹ̀ ẹni tó ń san TPS nílò ìwé náà nígbà tó bá fẹ́ ta ọkọ̀.

Ní ìparí oṣù, ẹ ya fọ́tò àwọn ojú ewé náà, torí oòrùn inú ọkọ̀ a máa pa yíǹkì rẹ́. Ọdún 10 ni òfin OHADA (àjọ tó ń ṣe òfin ìṣòwò fún Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn) ní kí oníṣòwò fi tọ́jú ìwé ìṣirò rẹ̀.