Kẹ́ ẹ tó ra kábúrétọ̀ tuntun

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń wa ọkọ̀ Ìjàpá (Volkswagen) tàbí Peugeot 504 oníkábúrétọ̀ (ẹ̀rọ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì), bó bá ń kú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland, tó tún ń jí bó bá tutù, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó tutù. Bó bá ti tutù, àbùkù ọ̀hún ti sá pamọ́ nìyẹn.

Ẹ tì í kúrò lọ́nà, ẹ ṣí ìdérí táǹkì. Bó bá mí “ṣìììì”, tó sì jí, ihò afẹ́fẹ́ ìdérí ló dí.

Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ dé táǹkì padà dáadáa. Ẹ yọ wáyà kan lórí púlọ́ọ̀gì ẹ́ńjìnnì, ẹ ki púlọ́ọ̀gì mìíràn bọ̀ ọ́, kó fara kan irin ẹ́ńjìnnì (ẹ má fọwọ́ mú un o!), kẹ́nìkan sítáàtì. Bí kò bá taná, kọ́ìlì (tó ń sọ iná bátìrì di alágbára fún púlọ́ọ̀gì) tàbí kọ̀ńdẹ́ńsà (ẹ̀yà kékeré tó ń bá a ṣiṣẹ́) ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Bó bá taná, ẹ lọ yẹ ọ̀nà tí epo ń gbà dé ẹ́ńjìnnì wò.