Bí mo ṣe kápá Enter tí scanf ń fi sílẹ̀ nínú C

Ètò kékeré kan tí a fi C, èdè ìkọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ni wọ́n gbé fún mi tún ṣe, ti oníṣòwò àdìrẹ kan ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Ó máa ń béèrè iye ọ̀pá tí oníbàárà rà, lẹ́yìn náà orúkọ rẹ̀. Scanf, tó ń ka ohun tí a tẹ̀ gẹ́gẹ́ bí irú tí a sọ fún un, ló ń gba ọ̀pá; fgets, tó ń ka odindi ìlà, ló ń gba orúkọ. Tẹ 5, tẹ Enter, ètò náà á fo orúkọ kọjá, àyè rẹ̀ á ṣófo nínú ìwé owó.

Ohun méjì lẹni tó tẹ 5 fi ránṣẹ́: '5' àti '\n', àmì Enter. %d, tí scanf fi ń ka nọ́ńbà, mú 5, ó fi '\n' sílẹ̀ nínú buffer, ibi tí ohun tí a tẹ̀ ń dúró sí kí ètò tó kà á. Fgets dé, ó bá '\n' níbẹ̀, ó gbà pé ìlà ti parí. %c, tó ń ka ẹyọ lẹ́tà kan, náà á gbé '\n' yẹn, àfi tí a bá fi àlàfo ṣáájú rẹ̀: " %c". %d àti %s (tó ń ka ọ̀rọ̀ kan) ní tiwọn máa ń fo àlàfo àti '\n' kí wọ́n tó kà, ìdí nìyẹn tí ètò tó ń gba nọ́ńbà nìkan kì í fi í yọni lẹ́nu.

Mo bá fflush(stdin) nínú kóòdù náà, tí wọ́n fi fẹ́ kó '\n' yẹn kúrò nínú àbáwọlé (stdin), mo yọ ọ́ dànù. Òfin C ò sọ ohun tí fflush máa ṣe sí àbáwọlé. Kọ̀ǹpútà kan lè gbà á, kí òmíràn ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Ohun tí wọ́n sábà fi ń gbá buffer nìyí:

int c;
while ((c = getchar()) != '\n' && c != EOF)
    ;

Int ni kí c jẹ́ o, kì í ṣe char. Nọ́ńbà òdì ni EOF, àmì pé àbáwọlé ti tán; níbi tí char kì í gba nọ́ńbà òdì, c ò ní bá EOF dọ́gba láé. Ìgbálẹ̀ yìí sì ní àléébù: bí kò bá sí nǹkan kan láti gbá, á dúró de Enter mìíràn, ẹni tó ń lò ó á rò pé ètò ti gan.

Kí scanf má fọwọ́ kan àbáwọlé mọ́ ló wù mí jù. Ẹni tó bá kọ "márùn-ún" síbi nọ́ńbà, %d ò ní mú ẹyọ lẹ́tà kan. Bí scanf bá wà nínú loop (kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe), á máa yí lórí 'm' yẹn láìdúró. Nítorí náà mo ń fi fgets gba odindi ìlà, kí n tó fi sscanf (scanf tó ń ka látinú ìlà tí a ti gbà) tú u:

char ila[64];
int opa;
if (fgets(ila, sizeof ila, stdin) == NULL) return 1;
if (sscanf(ila, "%d", &opa) != 1) puts("Nọ́ńbà ni kí ẹ tẹ̀");

Ẹ má kọ == 0 dípò != 1: bí èèyàn bá tẹ Enter lásán, EOF ni sscanf dá padà, kì í ṣe 0. "5abc" ṣì máa kọjá gẹ́gẹ́ bí 5. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìyẹn, kó lo strtol, tó ń fi ibi tí nọ́ńbà parí sí hàn.

Fún orúkọ, ila[strcspn(ila, "\n")] = '\0' ló ń gé '\n' kúrò. Ṣùgbọ́n kí n tó gé e, mo kọ́kọ́ ń wò ó bóyá '\n' wà níbẹ̀. Tí kò bá sí, ìlà ti gùn ju àyè lọ, ìgbà yẹn gan-an ni ìgbálẹ̀ òkè yẹn wúlò. Orúkọ tiwa sì máa ń jẹ àyè: ní UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà), ẹ nìkan gba báìtì 3, ẹ́ gba 5. Báìtì 256 ni mo fún orúkọ, dípò 64.