Bí a ṣe ń ya fọ́tò ahunṣọ òfì títí tí yóò fi gbàgbé kámẹ́rà

Kò ṣòro láti rí fọ́tò tó dùn-ún wò lábẹ́ àtíbàbà àwọn ahunṣọ ní Ọ̀yọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, ahunṣọ ń rẹ́rìn-ín síni ni, ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá, dúró sọ́wọ́ rẹ̀ bí ohun tí wọ́n ní kó bá wọn mú dání. Iṣẹ́ ti dúró. Ojú ẹni tí iṣẹ́ gbà lọ́kàn ni à ń wá, ojú yẹn kò sì ṣeé bẹ̀ lọ́wẹ̀.

Kámẹ́rà tẹ́ ẹ bá ní ti tó. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8 ni kẹ́ ẹ fi sí i (f ni bí ojú lẹ́ńsì ṣe ṣí tó). Kò wọ́n, ó sì ń ríran níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò ti pọ̀. Ẹ pa ìró kámẹ́rà, ẹ má tan fíláàṣì rárá. Ẹ wọ aṣọ tó ṣú, torí ẹ̀wù pupa á ta àwọ̀ sójú ẹni tẹ́ ẹ bá sún mọ́.

Ẹ kọ́kọ́ kí ọ̀gá ibẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá.” Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá àti ibi tí fọ́tò ń lọ. Ọmọ iṣẹ́ kò lè yọ̀ǹda lórí ọ̀gá rẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí ló láṣẹ. Ẹ má fowó ṣíwájú. Ẹni tó ti gbowó á rò pé kámẹ́rà ni òun ń ṣiṣẹ́ fún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bà á jẹ́ rèé: wọn kì í lè jókòó. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀rín yẹn ná, ẹ fi hàn án, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àpótí kékeré kan, ẹ jókòó, kẹ́ ẹ gbé kámẹ́rà sórí itan fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ọgbọ̀n ló dáa jù. Ẹ má rìn káàkiri. Ẹ má dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bá yín sọ̀rọ̀, ẹ dáhùn.

Ẹ má sọ pé “Ẹ má wo mi o.” Kíá ni yóò wò yín. Ẹ má sì ní kó tún ohun tó ṣe tán ṣe. Ọwọ́ tó ń díbọ́n kì í fa òwú le, gbogbo ẹni tó bá mọ òfì ló máa rí i nínú fọ́tò.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti gbàgbé yín? Ètè á ká wọnú díẹ̀, tàbí kó máa kọrin sínú. Bí òwú bá já tó sì so ó láìgbé ojú sókè, àsìkò ti tó. Ẹ gbé kámẹ́rà sókè pẹ̀lẹ́, ẹ ya mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ má yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀. Ẹni tó bá tẹ orí ba síbi ojú kámẹ́rà, tó ń yọ̀, ti pe àkíyèsí padà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ahunṣọ á wà lábẹ́ òrùlé, òwú rẹ̀ á sì nà jáde síwájú lọ bá ẹrù tí òkúta wà lórí rẹ̀. Ẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òwú yẹn, ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta síwájú rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ìta bọ́ sí i lójú kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Ẹ má dá òwú kọjá láé, ẹ yí i ká, ìbáà jìnnà. Òkùnkùn ẹ̀yìn yẹn á tan kámẹ́rà jẹ, yóò fẹ́ mú gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀, òógùn iwájú orí á sì di funfun báláú. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ tí kámẹ́rà ń gbà (exposure compensation) kù sí -1. Bó bá jẹ́ ẹtù ló ń hun, dúdú aṣọ náà á tún dá kún un. Sányán kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Bí ojú apá kan bá ṣú jù, ẹ tẹ́ àpò ìrẹsì funfun sílẹ̀ níbi tí òrùn wà.

Kámẹ́rà fẹ́ràn ìlà òwú, ibẹ̀ ló máa ń gbájú mọ́. Ẹ fi ọwọ́ yan ìpéǹpéjú tó sún mọ́ yín.

Ẹ wá ka ìlù iṣẹ́ náà: ẹsẹ̀ á tẹ̀, omù tó so mọ́ ẹsẹ̀ á la òwú, ọ̀kọ̀ á kọjá, ọwọ́ á fà á mọ́ra. Ìgbà tí ọwọ́ kejì ṣí sílẹ̀ de ọ̀kọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ ẹ bá dúró dìgbà tẹ́ ẹ rí ọ̀kọ̀, ó ti kọjá. Ìyára kámẹ́rà ní 1/500 ìṣẹ́jú àáyá á dá ọwọ́ dúró nínú fọ́tò. ISO (bí kámẹ́rà ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) 1600 pẹ̀lú f/2.8 ló sábà máa ń gbà á. Ní 1/30, ọwọ́ á di èéfín, ojú á sì mọ́, bẹ́ ẹ bá fi ìgúnpá ti orúnkún. Ẹ ṣọ́ra fún yíyà láìdún rárá, níbi tí ìdérí inú kámẹ́rà kì í ti ṣiṣẹ́ (electronic shutter): ó lè mú kí ọ̀kọ̀ wọ́ nínú fọ́tò, iná LED sì lè fi ìlà sára fọ́tò.



Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ ahunṣọ pẹ́ lójú fóònù títí á fi dì í mú, kẹ́ ẹ wá fa ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Ẹ sún mọ́ ọn fúnra yín, ẹ má fi ìka fa àwòrán ńlá.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tẹ ọ̀kan jáde lórí bébà, ẹ gbé e lọ fún un. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ àti ọjọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Bírò máa ń tẹ̀ hàn níwájú.