Ṣájà Kọ́ Ló Ń Jẹ Owó Yín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Iná Ilé ní Àjàṣẹ́

Wọ agboolé kan lọ́wọ́ alẹ́ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) yìí, ìbáà jẹ́ ní Wàndó, ìbáà jẹ́ ní Tokpota, ọ̀rọ̀ iná ni wàá kọ́kọ́ gbọ́. "Ta ló fi ṣájà há ògiri?" "Ìwọ ọmọ yìí, bàbá ẹ ló ni SBEE ni?" (SBEE ni ilé iṣẹ́ tó ń ta iná fún wa.) Ọmọ á sáré lọ yọ ṣájà. Bàbá tó pariwo á padà jókòó síbi tí fírísà ti ń kùn lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn fírísà ọ̀hún ò pa dé dáadáa láti ọjọ́ pípẹ́, bàbá ò sì ní bojú wẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe wa ti bẹ̀rẹ̀. Ojú la fi ń wọn iná. Ohun tó bá ń tàn yòò tàbí tó ń pariwo la máa ń rò pé ó ń jẹun. Bẹ́ẹ̀, ohun tó ń mú nǹkan gbóná àti ohun tó ń mú nǹkan tutù, àwọn ni ọ̀jẹun.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. 130 fránkì ni mo máa fi ka kWh kan níbí (ìyẹn iná tí ohun tó ń fa 1000 watt ń jẹ ní wákàtí kan), kí ìṣirò lè rọrùn. Ẹ fi iye tó wà lórí ìwé tiyín rọ́pò rẹ̀. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ jẹ́ 5000 mAh, láti òfo títí á fi kún, nǹkan bí ìdá kan nínú ogójì kWh ló máa gbà. Fránkì mẹ́ta àti díẹ̀ nìyẹn. Ṣájà tí kò sí fóònù lẹ́nu rẹ̀ ò tún wá tó nǹkan kan rárá. Ẹ̀rọ ìlọṣọ tó ń fa 1000 watt, bó bá fi wákàtí kan gbáko ṣiṣẹ́, odidi kWh kan ló jẹ: 130 fránkì. Ogójì fóònù ló fi ń lọ ṣòkòtò! Màmá tó ní kí ọmọ aládùúgbò má fi fóònù gba iná lọ́dọ̀ òun, ẹ ò rí i pé fránkì mẹ́ta ló tìtorí ẹ̀ ba àárín òun àti ìyá ọmọ náà jẹ́?

Kí n má tíì kúrò lórí aṣọ. Káàkì ilé ìwé làwọn ọmọ wa ń wọ̀, a sì fẹ́ kó gún régé. Ìyẹn dára. Ohun tí kò dára ni kí wọ́n máa lọ ẹyọ kan láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, kí irin tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ nítorí ṣòkòtò kan. Ẹ kó ti ọ̀sẹ̀ pọ̀, ẹ lọ wọ́n lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì fi àwọn tó fẹ́lẹ́ sí ìkẹyìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ irin kúrò lára iná, torí ooru tó ṣẹ́ kù nínú irin tó wọn. Aṣọ tí kò tíì gbẹ, ẹ má fi ẹ̀rọ ìlọṣọ gbẹ ẹ. Oòrùn wà níta, kò béèrè owó.

Ti gílóòbù kò gùn. Gílóòbù àtijọ́ tí wáyà pupa ń jó nínú rẹ̀, tó jẹ́ 60 watt, ooru ló fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ iná rẹ̀ ṣe. Ẹ tàn án fún wákàtí márùn-ún lálẹ́, oṣù á parí, ẹ ti san nǹkan bí 1170 fránkì lórí òun nìkan. Gílóòbù LED tó jẹ́ 9 watt á tan ìmọ́lẹ̀ tó jọ tirẹ̀, owó rẹ̀ ò sì ní pé 180. Ẹni tó bá ṣì ní ti àtijọ́ nínú ilé, tó wá ń lé ọmọ kiri nítorí ṣájà, ẹ bá mi kí i.

Fírígò àti fírísà ló yẹ ká jókòó tì. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹran nìkan làwọn obìnrin ìlú wa ń ra fírísà fún. Bísáàpù (omi ìṣápá) inú ọ̀rá ńkọ́, yìnyín fún àwọn tó ń ta ohun mímu lójú ọjà ńkọ́? Òwò ni. Ṣùgbọ́n òwò tí a ò ka owó iná mọ́ ohun tó ná wa, èrè rẹ̀ lè máà ju ojú lásán lọ. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á se bísáàpù, ooru rẹ̀ ò tíì lọ, wọ́n á ti rọ ọ́ sí ọ̀rá, ó di inú fírísà. Ooru yẹn ò ní fúnra rẹ̀ jáde. Mọ́tò ló máa fà á síta, owó yín ló sì máa fi ṣe é, á sì tún mú kí yìnyín àná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa rọ̀. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú ọpọ́n omi kànga, ẹ fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, kó tutù pátápátá kí ẹ tó rọ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ṣíṣí. Oníbàárà kan dé, ẹ ṣí i; òmíràn dé, ẹ tún ṣí i; ọmọ dé láti ilé ìwé, ó ṣí i ó dúró síbẹ̀ ó ń wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń wọlé ní gbogbo ìgbà yẹn. Ẹ kó èyí tí ẹ máa tà lóòjọ́ sínú kúlà láàárọ̀, kí ẹ gbé e sí ẹnu ọ̀nà, kí ẹ jẹ́ kí fírísà ráyè. Bí fírísà ò bá sì kún, ẹ fi ìgò omi dí àyè tó ṣẹ́ kù. Omi tó ti di yìnyín á bá yín mú òtútù dúró nígbà tí iná bá lọ, iná á sì lọ, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa.

Kí ẹ mọ̀ bóyá rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ṣì dára, ẹ fi bébà há a, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wá fà á. Bó bá jáde wẹ́rẹ́, òtútù ń gba ibẹ̀ sá lọ tọ̀sán-tòru. (Ẹ má fi owó ẹlẹ́gbẹ̀rún-ún fránkì dán an wò o, ẹlòmíì á bá yín fà á.) Ẹ má gbé e lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbà tú ooru síta. Ẹ má sì jẹ́ kí yìnyín inú rẹ̀ nípọn kó tó ìka.

Àwọn àgbà wa kan ń yọ fírígò lálẹ́ "kó lè sinmi". Fírígò kì í rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá ti tutù tó, mọ́tò á dákẹ́ fúnra rẹ̀, bó bá tún gbóná díẹ̀, á dìde. Bí ẹ bá yọ ọ́ di àárọ̀, ohun tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ lóru, ó máa ná púpọ̀ nínú rẹ̀ láàárọ̀ láti mú ohun gbogbo tutù padà, ẹja á sì ti yí ohùn padà. Lórí ọ̀rọ̀ omi mímu ni mo tiẹ̀ fẹ́ kí àwọn àgbà yìí kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ọjà Adjarra tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún ò jìnnà sí wa, àmù amọ̀ sì wà níbẹ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ ń là jáde lára amọ̀, afẹ́fẹ́ ń gbẹ ẹ́, ìyẹn ló ń mú èyí tó wà nínú rẹ̀ tutù. Ilé tó ní àmù, àwọn ọmọ ibẹ̀ ò ní máa ṣí fírígò nítorí ìfe omi kan.

Àlòkù tó ń gba èbúté Kútọnù wọlé náà ń tàn wá. Owó rẹ̀ lọ́jà kéré, a yọ̀, a gbé e sórí sẹmẹ́díjáàn (ọ̀kadà) délé. Fírísà tó ti gbó, tí ara rẹ̀ ò mú òtútù dúró mọ́, oṣooṣù lẹ ó máa san ìyókù owó rẹ̀, ẹ ò sì ní san án tán.

Fáànù 60 watt, bó bá fẹ́ wa láti alẹ́ di àárọ̀, wákàtí mẹ́jọ, kò tó 65 fránkì. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń fa 1000 watt, ká tiẹ̀ ní mọ́tò rẹ̀ ń sinmi ní ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò yẹn, á sún mọ́ 700. Ẹni tó bá lágbára rẹ̀, kó tàn án, kó sáà ti fèrèsé. Mo ti rí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ tí aṣọ títa ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín onílé àti ayálégbé wá kù, ìyẹn dekọ́ńtọ̀. Kọ́ńtọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ka iná) ńlá kan ni onílé ní, ó wá fi kékeré síwájú yàrá kálukú. Àṣìṣe ayálégbé ni pé ó máa ń kó ẹrù wọlé láìwo iye tó wà lójú dekọ́ńtọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Lóṣù kejì wọ́n ní kó san gbèsè ẹni tó ti kó jáde, ó di "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, èmi kọ́", "ta wá ni?" Ẹ fi fóònù ya nọ́ńbà náà níṣojú onílé kí ẹ tó gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Iye ti òní, ẹ yọ iye ti àná kúrò nínú rẹ̀, ìyókù ni tiyín.

Àwọn onílé náà, ẹ má bínú, ẹ fetí sí èyí. Ẹni tí kò bá lò ju 20 kWh lọ lóṣù, owó tó rẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń ka tirẹ̀, torí mẹ̀kúnnù ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí ilé mẹ́jọ bá ń fa iná lára kọ́ńtọ̀ kan ṣoṣo, àpapọ̀ wọn ni wọ́n ń wò, opó tó ń tan gílóòbù méjì pẹ̀lú rédíò á wá máa san iye tí olówó ń san. Pínpín owó ní dọ́gba-dọ́gba fún yàrá kọ̀ọ̀kan tún wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ní fírísà ń jẹ, ẹni tó ní fìtílà ń sanwó. Ayálégbé tó bá ti pinnu láti pẹ́ níbì kan, kó bá onílé sọ ọ́ kí òun gba kọ́ńtọ̀ tirẹ̀.

Ẹ gbójú sókè ní àwọn àdúgbò tuntun, ẹ ó rí wáyà tó ń ti orí igi kan bọ́ sórí igi kejì, tó lọ́ mọ́ra wọn. Ilé aláǹtakùn làwọn èèyàn ń pè é. Apá kan nínú iná tí ilẹ̀ Benin ń lò ń ti Nàìjíríà bọ̀, lórí wáyà 330 kilovolt tó ti Ìkẹjà dé Ṣàkẹ́tẹ́, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2007. Agbára ńlá yẹn ni wọ́n fi ń gbé e kó má baà ṣòfò lójú ọ̀nà. Ó rin gbogbo ìrìn yẹn láyọ̀, ó kù díẹ̀ kó wọ yàrá wa, la bá gbé e sórí wáyà tín-ín-rín tí a lẹ̀ pọ̀ níbi mẹ́ta. Níbẹ̀ ló ti ń kú. Bí fírígò bá dìde tí ìmọ́lẹ̀ gílóòbù bá wálẹ̀, wáyà yẹn ló ń sọ̀rọ̀. Mọ́tò tí iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó á máa gbóná títí á fi jó. Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá sì gbé igi yẹn wó, ọmọ tó ń sáré kọjá ò ní mọ̀ pé iná wà nínú ohun tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Bí iná bá lọ, ẹ yọ gbogbo nǹkan, kí ẹ fi gílóòbù kan ṣoṣo sílẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ nígbà tó bá dé. Bó bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó fi fírígò sí i, kí gáàsì inú rẹ̀ lè balẹ̀, kí iná náà sì dúró. Ariwo "iná ti dé!" kọ́ ni àṣẹ pé kí gbogbo ilé tẹ bọ́tìnnì pọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ìnáwó ńkọ́? Ẹni tó ń sìnkú ní òdìkejì ọ̀nà á rán ọmọ sí yín: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ká fa iná díẹ̀ lọ́dọ̀ yín." Díẹ̀ yẹn ni gbohùngbohùn ńlá, fírísà ọtí méjì àti iná abẹ́ àtíbàbà. Èèyàn ò lè kọ̀, àdúgbò ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé wáyà tín-ín-rín tí wọ́n ká rúgúdú ni wọ́n máa fi fà á, torí wáyà tó wà ní kíká máa ń gbóná ju èyí tí a nà tán lọ. Ẹ ka kọ́ńtọ̀ níṣojú wọn kí wọ́n tó fi sí i, ẹ tún kà á lọ́jọ́ kejì. Olóòkú tó mọ̀wàá hù á fi owó rẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ ránṣẹ́.

Èyí tí ẹ lè ṣe lálẹ́ òní kò náni ní nǹkan kan. Lára kọ́ńtọ̀ ìgbàlódé, iná pupa kékeré kan wà tó ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kọ iye ìgbà tó máa ṣẹ́jú fún kWh kan sí ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ 1000, tó sì ṣẹ́jú nígbà ogún láàárín ìṣẹ́jú kan, 1200 watt nilé yín ń fà lákòókò yẹn. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lára ògiri, títí dórí fírígò, kí ẹ wá lọ dúró síwájú rẹ̀. Kò yẹ kó ṣẹ́jú mọ́. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, ó lè jẹ́ wáyà tó ti bó nínú ògiri ló ń da iná sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹnì kan ní ilé kejì ń lo tiyín. Fún ti àkọ́kọ́, oníṣẹ́ iná ni kí ẹ pè, ẹ má fọwọ́ ara yín yẹ̀ ẹ́ wò. Fún ti èkejì, ẹ wá àgbà àdúgbò kan mú dání kí ẹ tó lọ kanlẹ̀kùn.